Bí Wọ́n Ṣe Gba Etí Bá Ìrora Jà

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló yọ lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ wíníwíní wà lẹ́nu wọn, awọ etí ni wọ́n sì ń gún un mọ́. Ọjọ́ márùn-ún ló fi ń ta iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí iṣan ìmọ̀lára tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a yọ ọ́ sọnù. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀.

Irin gbígbóná ló bí i. Lẹ́yìn ọdún 1950, Paul Nogier, dókítà ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí àpá iná lójú kan náà létí àwọn kan tó wá gba ìtọ́jú. Wọ́n ní obìnrin oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ní Marseille ló jó àwọn níbẹ̀ nítorí ìrora tó ń ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, ara sì ti tu àwọn. Nogier kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dán an wò, ó fi abẹ́rẹ́ rọ́pò iná. Ní 1956, ó kéde pé ńṣe ni etí rí bí ọmọ inú oyún tó dorí kodò: ibi tí à ń lu láti fi yẹtí sí ni orí, gbogbo ẹ̀yà ara yòókù ló sì ní ojú tirẹ̀ lára etí.

Hong Kong ni iná mànàmáná ti wọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní 1972, H. L. Wen, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, gún aláìsàn kan tí òpíọ̀mù ti di bárakú fún lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àti létí, ó sì so àwọn abẹ́rẹ́ náà mọ́ iná. Ìrora ló fẹ́ fi pa. Àfi bí aláìsàn ṣe sọ pé òpíọ̀mù kò wu òun mọ́.

Ṣùgbọ́n àwòrán etí tí Nogier gbé kalẹ̀ kò yege lọ́wọ́ Ronald Melzack, ògbóǹtarìgì nípa ìrora ní Montreal. Ní 1984, òun àti Joel Katz dán an wò lára ènìyàn 36 tí ìrora ti bá fínra pẹ́. Bí wọ́n ta iná sí ojú tí àwòrán náà tọ́ka sí, bí wọ́n ta á síbòmíràn, bákan náà ló rí.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni iṣan fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi òwú ro etí, ikọ́ a gbé wọn. Ẹ̀ka iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n ń pè ní vagus, tó wọ etí, ló fà á, iṣan yìí kan náà ló sì gba ọ̀fun lọ sí ọkàn àti ikùn. Ipa ọ̀nà yìí ni àwọn olùwádìí wá ń tọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ikú ló mú kí wọ́n tẹra mọ́ ọn: oògùn ìrora olóró àti heroin pẹ̀lú irú wọn pa ènìyàn tó lé ní 47,000 lọ́dún 2017 nìkan. Lọ́dún náà, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn níbẹ̀, fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ etí yìí fún àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn bẹ́ẹ̀. Ní 2019, wọ́n fọwọ́ sí òmíràn fún inú rírun àwọn ọmọ ọdún 11 sí 18. Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo ẹ̀rọ gidi ni ìrora wọn fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ó kéré tán. Láàárín àwọn tó lo ayédèrú, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ìrora wọn dín kù bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìrora ni ẹ̀rọ yìí wà fún. Dókítà ló ń kọ ọ́ fúnni, ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ tó ń ṣètò lílù ọkàn lára, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, kò gbọdọ̀ lò ó.