Ẹ kọ́ ilé ẹja yín kó le, kẹ́ ẹ sì fi àgádágodo tì í

Ẹni tó bá wo ẹ̀yìnkùlé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, n'Íkòròdú àti l'Óṣogbo lóde òní, á rí i pé bí wọ́n ṣe ń sin adìyẹ láyé ọjọ́un náà ni wọ́n ń sin ẹja báyìí. Ẹja àrọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tó sì fà á kò fara sin. Àrọ̀ kì í ṣe ẹja ẹlẹgẹ́. Yàtọ̀ sí pé ó ń mí nínú omi bíi ti ẹja yòókù, ó tún lè yọrí jáde kó mí afẹ́fẹ́ òkè sínú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà láàyè nínú omi tí ẹja mìíràn á ti kú. Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ dáadáa, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó lè tó kìlò kan. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kó sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Ilé omi gidi ló ń fẹ́, èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré kọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé omi yìí la fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, torí ọ̀pọ̀ ló ń ná owó ìfẹ̀yìntì lé e lórí láìbéèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Ẹja ni kálukú máa ń rò. Kẹ́ ẹ tó ro ẹja, ẹ kọ́kọ́ ro omi.

Lítà omi kan, kìlò kan ni. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fẹ́ kọ́ èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí omi inú rẹ̀ á sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Omi tó máa wà níbẹ̀ á tó nǹkan bíi lítà 5,000, ìyẹn kìlò 5,000. Kìlò 50 ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Ìyẹn ni pé ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ńtì lẹ kó jọ sójú kan yẹn, a ò tíì ka búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn o. Ẹni tó bá ní orí dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun fẹ́ kọ́ tòun sí, ẹ bá wa bi í léèrè bóyá ó lè kó ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ńtì sókè orí ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀.

Omi ò sì dúró jẹ́ẹ́ bíi sìmẹ́ńtì, ńṣe ló ń ti ògiri síta tọ̀sán tòru. Bó bá ṣe jìn tó ló ṣe ń ti ògiri tó. Tẹ́ ẹ bá sọ jíjìn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ògiri á di ìlọ́po mẹ́rin. Fún ìdí èyí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹja sí i, ẹ má ṣe mú un ga sí i, ẹ kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 4 tó fún ògiri, kí omi má sì kọjá 3. Àyè tó ṣẹ́ kù lókè kò ní í jẹ́ kí ẹja rọrùn láti fò jáde, torí àrọ̀ máa ń fò, pàápàá lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, á sì wọ́ lọ lórí ilẹ̀ títí tẹ́ ẹ ó fi wá a tì.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nítorí kí wọ́n má ra búlọ́ọ̀kù púpọ̀, ara fẹ́ǹsì ni wọ́n máa ń gbé ilé ẹja tì, tí fẹ́ǹsì á wá di ògiri kẹrin. Ẹ má dán an wò. Ẹni tó mọ fẹ́ǹsì ò rò ó mọ́ omi, ọjọ́ tó bá sì wó, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló máa wó sí, bóyá níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má ṣe gbé e ti ògiri ilé tẹ́ ẹ ń gbé, kí omi má bàa máa jò wọnú ìpìlẹ̀. Ẹ jìnnà sí abẹ́ igi, torí ewé àti gbòǹgbò. Ẹ jìnnà sí sókàwéè pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí ilẹ̀ dà sí: apá ìsàlẹ̀ kànga tẹ́ ẹ ń mu ló yẹ kó wà, kì í ṣe òkè rẹ̀, kí omi ìdọ̀tí ẹja má lọ máa rin wọnú omi mímu.

Tó bá kan kíkọ́ ọ, ẹ pe bíríkìlà tó ti kọ́ irú rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ lọ wo èyí tó kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ tiyín. Kí ó gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tó le, kó to rọ́ọ̀dù sí i ní ìbú àti òró, kó wá da kọnkéré tó nípọn tó ínṣì 6 lé e: ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Kí rọ́ọ̀dù yọrí sókè láti inú kọnkéré náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti láàárín ògiri gígùn, torí òun ló máa di ògiri mú. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n da kọnkéré kún ihò inú rẹ̀. Ibí yìí ni bíríkìlà ti máa ń fẹ́ẹ́ sáré, ẹ dúró tì í. Kí ilẹ̀ inú rẹ̀ da díẹ̀ sọ́nà ibi tí páìpù ìdọ̀tí wà, kí páìpù náà tó ínṣì 4. Tí wọ́n bá ń rẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n po oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jò mọ́ sìmẹ́ńtì, kí wọ́n fi ọwọ́ yí igun inú po kó má ṣe mú, kí wọ́n sì rẹ́ ẹ kó dán, torí ibi tó bá há ló máa ń bó ẹja lára.

Ẹ wá fara balẹ̀ o. Ó kéré tán, ọjọ́ méje ni kẹ́ ẹ fi máa wọ́n omi sí kọnkéré náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì máa tó ọjọ́ 28 kó tó le bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn èyí, oró sìmẹ́ńtì tuntun ṣì máa wà nínú ògiri, oró ọ̀hún sì máa ń pa ọmọ ẹja. Ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tún pọn òmíràn, nígbà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja máa ń gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú omi àkọ́kọ́ yìí.

Nísinsìnyí, a dé ibi tó ká wa lára jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún èèyàn (300,000) ni omi pa káàkiri àgbáyé lọ́dún 2021, bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́rin wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Òkun àti odò nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ọmọ kékeré lè kú sínú garawa omi. Ọmọ tó ń rì kì í sì í sábà pariwo, ìdí nìyẹn tí ìyá fi lè wà ní kíṣìnnì tí kò ní í gbọ́ nǹkan kan. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, àmọ́ omi ò mọ ọmọ ẹni tó kọ́ ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pe bíríkìlà ni kẹ́ ẹ pe wẹ́dà. Kó jó férémù onírin, kó na nẹ́ẹ̀tì irin tó lágbára sí i, kó fi ínjì dè é mọ́ ògiri, kí ó sì ní ibi tẹ́ ẹ ó fi àgádágodo sí. Nẹ́ẹ̀tì yìí kò ní í jẹ́ kí ọmọ wọlé, kò ní í jẹ́ kí ẹja jáde, ẹyẹ tó ń ṣọdẹ ọmọ ẹja náà kò ní í rọ́nà. Ẹ má da omi sí i, ká má tíì sọ ẹja, títí tí ọmọrí yìí á fi wà lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wà lára ìṣó tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Ẹ má ṣe fi garawa, àpótí tàbí búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ bí wọ́n ṣe ń gun nǹkan. Àwa ò fọwọ́ sí kíkọ́ ọ wọnú ilẹ̀ nílé tí ọmọdé bá wà, bó ti wù kó dín owó kù tó.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ kó sínú omi, ẹ gbé e jáde, ẹ pariwo kẹ́nì kan wá ọkọ̀. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní ikùn. Tí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ lẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ di imú rẹ̀, kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí àyà rẹ̀ á fi máa gbéra. Tí kò bá tíì mí, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíákíá nígbà ọgbọ̀n, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí ìrànwọ́ fi máa dé. Bí ó bá tiẹ̀ jí, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Fún ilé omi tí a ṣírò lókè yẹn, ẹja 200 ti tó. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé 500 máa gbé ibẹ̀, ọjà ló fẹ́ẹ́ tà. Ẹja tó bá fún jọ, ìdọ̀tí ara wọn ló máa ń pa wọ́n. Ẹ máa ṣa wọ́n látìgbàdégbà, kẹ́ ẹ ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, torí àrọ̀ máa ń jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Yíyọrí tí àrọ̀ ń yọrí lóòrèkóòrè kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí wọn tí wọ́n nàró sójú omi, tí wọn ò jẹun, tí omi sì ń rùn, ẹ pààrọ̀ omi lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe bíi tàwọn tó máa ń tú kápúsù oògùn èèyàn sínú omi, irú tẹtirasaikilíìnì. Oògùn yẹn lè wà lára ẹja tí ẹ ó fún ọmọ yín jẹ, ó sì ń kọ́ kòkòrò àìsàn bí wọ́n ṣe ń lágídí sí oògùn. Òkú adìyẹ náà kì í ṣe oúnjẹ ẹja tí èèyàn máa jẹ.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, garawa omi lítà 20 kan, kìlò 20 ni, 250 irú rẹ̀ ló sì máa kún ilé omi yìí. Ẹ̀yìn yín ò lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí púlọ́mbà fa páìpù dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ló ń fa omi, ẹ pa á, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Ẹ má dá wọ inú rẹ̀ nígbà tẹ́ ò bá rẹ́nì kankan nílé, ó máa ń yọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tó lè ya ọwọ́, ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́.

Omi tẹ́ ẹ bá tú jáde, ẹ má darí rẹ̀ sí gọ́tà aládùúgbò, òórùn rẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ugu àti ewédú ni kẹ́ ẹ dà á sí, ajílẹ̀ gidi ni, àmọ́ kẹ́ ẹ fọ ẹ̀fọ́ náà dáadáa kẹ́ ẹ tó sè é. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì kó ẹja tà tán, tẹ́ ò tíì kó òmíràn sí i, ẹ ṣí páìpù ìdọ̀tí sílẹ̀ gbayawu, torí omi òjò tó bá gbára jọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré ti tó fún ẹ̀fọn láti pamọ, bí ẹja ò bá sí níbẹ̀ tó máa jẹ wọ́n. Kí àgádágodo ṣì wà lórí rẹ̀.