Ìwé Kì í Ṣe Ogún Pínpín
Bí àgbà bá papò dà nílẹ̀ Yorùbá, ìdí-igi ni a máa ń fi pín ogún rẹ̀. Èyí tọ́ fún ilẹ̀ àti oko. Ṣùgbọ́n ìwé tí a bá pín ti túká. Henry Carr kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé jọ sí ilé rẹ̀ l'Ékòó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1945, ìjọba ra gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1948.

Ẹ̀yin olùfẹ́ ìwé, ẹ fi àlàfo sí àárín pẹpẹ ìwé àti ògiri nítorí ikán. Ẹ máa gbọn eruku wọn. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ tètè yan ẹni tí yóò jogún wọn lódindi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ẹlẹ́pà ni wọn yóò bọ́ sí.