Orín Àtà, Igi Tí A Ń Wá Tì

Kò sí àgbàlagbà kan láàárín wa tí kò mọ orín àtà. Òwúrọ̀ ni a ń rún un. Ó ń ta ẹnu, ó ń mú kí ahọ́n kú díẹ̀, eyín a sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ń ta orín ní ọjà pé níbo ni a ti wa gbòǹgbò rẹ̀, ìlú tí ó jìnnà ni yóò dárúkọ. Èyí yẹ kí ó fún wa ní ìrònú, nítorí igi yìí kì í ṣe igi òkèèrè. Etí igbó àti ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti ilẹ̀ Senegal títí dé ilẹ̀ wa.

Ẹni tí yóò bá wá a, kí ó mọ àmì rẹ̀. Kì í ṣe igi ńlá. Ẹ̀gún tí ó tẹ̀ bí èékánná àṣá wà lára ẹ̀ka rẹ̀ àti ewé rẹ̀. Lára ìtí tí ó ti gbó, ẹ̀gún náà a di kókó. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀, òórùn rẹ̀ jọ ti ewé ọsàn, nítorí ìbátan ọsàn àti òrombó ni. Èso rẹ̀ kéré. Bí ó bá gbó a là, irúgbìn dúdú tí ń dán a sì yọjú.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan, pẹ̀lú bàbá ọdẹ kan, wá igi yìí ní Sátidé mẹ́ta. Ní ẹ̀yìn Magboro, ihò ni a bá; a ti hú gbòǹgbò lọ, igi sì gbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti Ibafo dé Mowe, ilé ti gba ibi tí ọdẹ náà mọ̀, nítorí láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978 ni àwọn ènìyàn ti ń ya wá síhìn-ín. Ní Sátidé kẹta, ní apá Ifo, a rí ẹyọ kan ní ẹ̀bá oko ẹ̀gẹ́. Ìyá arúgbó tí ó ni oko náà wí fún mi pé: “Tíṣà, igi yìí a máa so nígbà kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti hú èyí tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà, kò so mọ́.”

Ìyá náà kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kókó ohun tí mo fẹ́ sọ. Igi àtà ní akọ, ó sì ní abo, bí ìbẹ́pẹ ti rí. Abo ni í so, akọ ni í sì fún un ní agbára àti so. Nítorí náà ẹni tí ó hú igi kan lè ti sọ igi mìíràn di àgàn.

Kí ni ó dé tí a ń hú u tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe nítorí eyín nìkan. Ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora àti W. A. Isaacs kọ ọ́ sí ìwé ìmọ̀ pé omi gbòǹgbò yìí, nínú ìgò àyẹ̀wò, ń mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ. Àrùn yìí ni àwọn baba wa ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ta ni yóò bá òbí wí tí ó bá wá gbòǹgbò lọ? Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kò tíì di ìwòsàn nínú ara. Bí ibà bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìrora bá wọ egungun rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe dúró de àgbo.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ti ka igi yìí mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu. Kí tiwa má bàa rí bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni kí a ṣe.

Èkínní, ẹ má ṣe fọwọ́ kan gbòǹgbò àárín tí ó lọ sísàlẹ̀; òun ni ẹ̀mí igi. Ẹ mú díẹ̀ nínú èyí tí ó nà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi ilẹ̀ bo ojú ibẹ̀, kí igi sì sinmi fún ọdún mélòó kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èkejì, ẹ gbìn ín sí ààlà oko. Irúgbìn rẹ̀ kì í tètè hù, púpọ̀ kì í sì hù rárá. Nítorí náà ẹ gbìn ín lọ́pọ̀, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ má ṣe fi ẹyọ kan sílẹ̀ lóun nìkan, nítorí kí ó tó tanná, kò sí ẹni tí ó lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó kàn fẹ́ fọ eyín, igi ewúro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó o fún orín. Bí a ti ń gé e ni ó ń rú.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí bá sì ní igi àtà kan lóko tí kì í so, kí ó má ṣe gé e pé kò wúlò. Ó lè jẹ́ akọ, kí abo kan ní oko aládùúgbò sì máa wo ojú rẹ̀.