Wíǹṣì: Ẹ̀rọ Tí Ń Fa Ọkọ̀ Gun Tírélà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó kú sójú ọ̀nà ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí ó bá ń rin ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, tí ó gba Ìtóìkín kọjá, yóò ti rí irú rẹ̀, pàápàá nígbà òjò. Bí kò bá ṣeé wọ́ nílẹ̀, orí tírélà pẹrẹsẹ ni a ó gbé e sí. Nígbà náà ni géńdé mẹ́fà tàbí méje yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn yóò máa pariwo pé, "Ẹ tì í! Ẹ tì í!" Bí ẹsẹ̀ wọn bá yọ̀ lórí pákó, àwọn gan-an ni ọkọ̀ náà yóò gùn mọ́lẹ̀. Nítorí irú ewu yìí ni wíǹṣì fi dára.

Kí ni wíǹṣì? Àgbá irin kékeré kan ni, tí okùn wáyà wé mọ́, tí a sì dè mọ́ iwájú tírélà. Àwọn onígẹdú mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí wọ́n ń fi í fa ìtì igi gun agbégilódò. Jíà kékeré ni ń yí jíà ńlá nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àgbá náà yóò yí díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò pọ̀ gidigidi. Ohun tí a jèrè ní agbára, àsìkò ni a fi san án. Èyí tí ń lo bátìrì yá ju ti ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń mu iná púpọ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí ó ní bátìrì náà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ bí ẹ ti ń fà á.

Báwo ni a ṣe ń yan èyí tí ó tó? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọkọ̀ yín wúwo tó kílò 1,500. Bí pákó tí yóò gùn bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí orí rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ìdá mẹ́rin ìwúwo ọkọ̀ náà ni okùn yóò fà, èyí tí í ṣe kílò 375, àti díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí bíréèkì bá há, tí táyà kò yí mọ́, ó lè sún mọ́ kílò 1,400. Nítorí náà, ẹ yan èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìwúwo ọkọ̀ àti ìdajì rẹ̀: kílò 2,250. Ẹ ṣọ́ra o! Pọ́n-ùn ni wọ́n ń kọ sára wíǹṣì púpọ̀, kì í ṣe kílò. Pọ́n-ùn 5,000 ni ó tó kílò 2,250 yìí. Ẹni tí ó ra ti 3,000, tí ó rò pé kílò ni, kò ra ju kílò 1,360 lọ.

Ẹ tún mọ̀ pé nígbà tí okùn bá kù ní ẹsẹ kan ṣoṣo lára àgbá ni agbára tí a kọ sí i pé. Bí okùn bá ti ń wé lé ara wọn, agbára ń dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú okùn tán: ó kéré tán, kí ó ṣẹ́ ku ìwé márùn-ún lára àgbá, kí ó má baà já kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá yá, ẹ kọ́kọ́ so tírélà mọ́ ọkọ̀ tí ń fà á, kí ẹ sì fi igi há àwọn táyà. Bí a kò bá so ó, ọkọ̀ tí ń gun ẹ̀yìn tírélà lè mú kí iwájú rẹ̀ ta sókè lójijì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí wáyà tí ó ti fọ́n a máa gún ọwọ́ bí abẹ́rẹ́. Ẹ fi ìkọ́ kọ́ ibi tí ó lágbára lábẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe bọ́ńpà. Ẹ da àpò tí ó tutù sórí okùn, kí ó má baà fò jìnnà bí ó bá já. Okùn tí ó le tantan bí ó bá já, a máa nà bí pàṣán, ó sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lẹ́yìn ọkọ̀, tàbí lẹ́bàá okùn, tàbí kí ó dá a kọjá. Ẹ lé àwọn ọmọdé tí ń wòran jìnnà.

Bí ọkọ̀ bá ti gùn tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Wíǹṣì kì í ṣe okùn ìdè. Ẹ fi ṣéènì tàbí bẹ́líìtì líle de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ mọ́ tírélà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, nítorí tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo a máa jù fìrìfìrì lójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Wíǹṣì ní agbára. Ẹ̀yin ni kí ẹ ní ẹ̀sọ̀.