Nígbà tí òfin eré bá ní ìtumọ̀ méjì, ta ni yóò dájọ́?

Bí ọ̀rẹ́ méjì bá jókòó sídìí ọpọ́n ayò, tí ọ̀kan ní òun ti jẹ, tí èkejì ní kò tíì jẹ, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ yanjú. Àwọn àgbà tó ń wòran á dá sí i, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń ta á ládùúgbò yẹn nìyí, eré á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń gbé ìwé òfin wá sídìí ayò. Ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ni òfin rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n eré kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òfin rẹ̀ kún inú ìwé, síbẹ̀ tí àríyànjiyàn kò tán nídìí rẹ̀. Warhammer ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ Games Workshop, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú London lọ́dún 1975, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Nottingham báyìí, ló ń ṣe é. Ọdún 1983 ni eré náà kọ́kọ́ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé lásán ni o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iléeṣẹ́ yìí wọ àárín àwọn 100 iléeṣẹ́ tó tóbi jù lọ lọ́jà ìdókòòwò ìlú London.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Oníkálukú á ra àwọn ère kéékèèké, tí púpọ̀ nínú wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Á fi gọ́ọ̀mù lẹ apá àti ẹsẹ̀ wọn mọ́ ara, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn wọ́n lọ́dà. Jagunjagun wà nínú wọn, ràrá onírùngbọ̀n wà, iwin wà, ejò abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu náà wà, bíi àwọn ohun abàmì tí ọdẹ ń bá pàdé nínú ìtàn àwọn baba wa. Ẹni méjì á to ogun wọn sórí tábìlì ńlá. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ọmọ ogun lè rìn dé. Dáìsì, irú èyí tí wọ́n ń dà nídìí lúdò, ló ń sọ bóyá idà ba ọ̀tá tàbí kò bà á.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ní ọmọ ogun kò lè ta ọfà sí ọ̀tá tí kò bá rí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ère ni, ojú rẹ̀ kò ríran. Ẹni tó ni ín ló máa bẹ̀rẹ̀, tí yóò gbé ojú sẹ́yìn ère náà, láti wò ó bóyá ọ̀tá hàn. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ọ̀kọ̀ nìkan ló yọ lẹ́yìn ògiri ńkọ́? Bó bá jẹ́ etí àsíá ni? Ẹnìkan á ní òun rí i, èkejì á ní igi lo rí, o ò rí èèyàn. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Lọ́dún 2015, iléeṣẹ́ náà pa eré àtijọ́ tì, wọ́n gbé òmíràn tó ń jẹ́ Age of Sigmar jáde. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni òfin rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún àwọn èèyàn. Ẹni tó bá rò pé bí òfin bá dínkù ni ìjà á dínkù, kó wo ohun tó tẹ̀lé e. Òfin náà kò sọ iye ọmọ ogun tí kálukú lè kó wá. Ẹni tó kó ogún ẹlẹ́sẹ̀ wá lè bá ẹni tó kó ogún ejò abìyẹ́ pàdé. Ó tún ní láti ara ère gan-an ni kí wọ́n ti máa wọn íńṣì, kì í ṣe láti ara pẹpẹ roboto tí ère dúró lé. Kíá ni àwọn kan rí i pé ère tó na ọ̀kọ̀ síwájú ti jèrè ọ̀nà láìgbé ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá àwọn lè gbé ère tàwọn gun orí pẹpẹ ti ọ̀tá.

Ti irunmú ló pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Òfin akọni kan nínú eré náà sọ pé ẹni tó ń darí rẹ̀ lè tún dáìsì tó kùnà dà, bí irunmú rẹ̀ bá tóbi, tó sì gbayì ju ti alátakò rẹ̀ lọ. Ta ni yóò wọn irunmú? Bó bá jẹ́ obìnrin méjì ló ń ta á ńkọ́? Ẹni tó lẹ ayédèrú mọ́ ètè, ṣé tiẹ̀ náà kà?

Àwàdà ni irunmú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun tí kò dọ́gba kì í ṣe àwàdà. Ní 2016, wọ́n gbé ìwé kan jáde tó fi máàkì sórí àwọn ère, kí agbára ogun méjèèjì lè dọ́gba. Nígbà tó di 2018, òfin tuntun ní láti ara pẹpẹ ni kí wọ́n ti máa wọn ọ̀nà. Eré àtijọ́ tí wọ́n pa tì pàápàá tún padà wá ní oṣù Kìíní ọdún 2024, pẹ̀lú orúkọ tuntun, The Old World.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ta á pín sí. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n kọ. Bí òfin kò bá sọ pé má ṣe é, òun lè ṣe é. Àwọn kejì ní kí wọ́n wo ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Iléeṣẹ́ náà máa ń kó ìbéèrè àti ìdáhùn jọ, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dí ihò kan ni òmíràn ń yọ.

Ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1824, ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Reisswitz gbé eré ogun orí tábìlì kan jáde ní Prussia, tí apá kan rẹ̀ wà lára Jámánì lónìí, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ológun. Òfin rẹ̀ pọ̀, dáìsì wà níbẹ̀, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di 1876, ọ̀gágun mìíràn, Verdy du Vernois, ní kí wọ́n dín òfin kù, kí wọ́n jẹ́ kí adájọ́ tó ti rí ogun rí máa fi ìrírí rẹ̀ dájọ́. Ní 1913, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, H. G. Wells, gba ọ̀nà tirẹ̀ yọ nínú ìwé tó pè ní Little Wars. Ìbọn ìṣeré ni wọ́n ń yìn lu ọmọ ogun rẹ̀. Èyí tó bá ṣubú ti kú nìyẹn.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ oṣù kun ogun rẹ̀ lọ́dà, tó ná owó gidi lé e lórí, kò ní fẹ́ kí gbólóhùn kan tí kò yéni já òun kulẹ̀. Bí ẹni tó mọ ìwé kà jù bá sì ń fi ẹnu gba ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbà, láìpẹ́ kò ní rí ẹni bá a ta á mọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Àwọn tó kọ òfin ọdún 2015 náà mọ èyí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ sọ ọ́ láàárín ara wọn, kí wọ́n ṣe èyí tó bọ́gbọ́n mu lójú àwọn méjèèjì. Bí wọn kò bá gbọ́ra wọn yé, kí kálukú da dáìsì kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ni yóò sọ bí yóò ṣe rí, kí eré máa lọ. Níbi ìdíje ńlá, adájọ́ wà níkàlẹ̀, ohun tó bá sọ labẹ gé.

Gbogbo ìwé náà pẹ̀lú ojú ìwé rẹ̀, ibi tí àwọn àgbà ìdí ayò wà látìbẹ̀rẹ̀ ló padà dé. Kò sí òfin tó lè sọ tán. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi.