Ilẹ̀ Àárín: Ìtàn Tí Wọ́n Fi Ya Àwòrán Àbújá

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì pé ọdún mẹ́fà tó parí nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akinola Aguda kalẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, kí wọ́n wò ó bóyá Èkó ṣì yẹ ní olú-ìlú. Èkó ti há, omi yí i ká, ojú ilé Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n lọ sí àárín orílẹ̀-èdè, níbi tí ìkankan nínú àwọn ẹ̀yà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ti ní lè sọ pé tàwọn ni. Òfin ológun kẹfà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976.

Ìtàn ìṣọ̀kan yìí ni àwọn ayàwòrán gbé sórí ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta tó para pọ̀ ló ya àwòrán ìlú Àbújá ní 1979. Kenzo Tange láti Jàpáàn ló ṣètò àárín gbùngbùn rẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ kan dojú kọ Àpáta Aso gbọnrangandan, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ilé ààrẹ àti ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì wà nítòsí ara wọn lẹ́bàá àpáta náà. Mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1984. Ṣọ́ọ̀ṣì àpapọ̀ náà wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Kò sí ilé ìjọsìn àpapọ̀ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe níbẹ̀.

Orúkọ òpópónà pàápàá ò gbè sẹ́yìn ẹ̀yà kankan: Addis Ababa àti Lome ní Wuse, odò Nile àti Mississippi ní Maitama.

Àmọ́ àwọn kan ti wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn Gbagyi, tí obìnrin wọn ń fi èjìká ru igi ìdáná, ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́. Ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ kó gbogbo wọn kúrò. Ìgbà tí wọ́n ṣírò owó rẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúró máa gbé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abúlé Garki fi wà di òní, tí ilé rẹ̀ fún mọ́ra láàárín àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ìjọba. Kubwa, tí wọ́n là fún àwọn tí wọ́n kó kúrò, ti di ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ilé Maitama ju agbára wọn lọ.

Ìjọba kó dé Àbújá ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991. Nítorí pé òfin ti sọ ilẹ̀ náà di ti ìjọba àpapọ̀, àwọn onílẹ̀ kò ní gómìnà tí wọ́n lè dìbò yàn: mínísítà tí ààrẹ bá yàn ló ń ṣàkóso wọn.