Òmùwẹ̀ Ní Ń Bómi Lọ: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Nínú Ihò Omi Boesmansgat

Ihò kan tí omi kún inú rẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Boesmansgat ni wọ́n ń pè é, ó wà ní agbègbè Northern Cape ní orílẹ̀-èdè South Africa. Tẹ́ ẹ bá dúró sétí ẹ̀, ẹ lè ní kí ló wá le níbẹ̀. Omi kékeré kan láàárín àpáta ni, ó parọ́rọ́, kò ní ìgbì, kò sì níyọ̀ bí omi òkun. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba ẹnu tóóró yẹn wọlé, inú ẹ̀ á ṣí gbàràgàdà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn tó nǹkan bíi mítà 270. Ẹ gbé ilé alájà tó pọ̀ gan-an síbẹ̀, orí rẹ̀ lè má yọ síta.

Ta ló gbẹ́ ẹ? Omi òjò ni. Bí òjò ṣe ń rọ̀ tó sì ń wọnú ilẹ̀, ó ń gba carbon dioxide mọ́ra, ìyẹn á sì jẹ́ kó ní ásíìdì díẹ̀ nínú. Ásíìdì yẹn ń jẹ àpáta díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí ihò ńlá fi wà lábẹ́ ilẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ sì já.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé tí èèyàn bá ti gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ìṣòro ti parí. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo mítà 10 tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú omi, ìwúwo tó ń tẹ ara yín máa ń pọ̀ sí i tó ìwọ̀n gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi dé mítà 270, ó ti tó nǹkan bí ìlọ́po 28. Afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ń mí gbọ́dọ̀ ní agbára kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyà yín kò ní lè gbà á. Wàhálà mẹ́ta ló ń tibẹ̀ wá.

Àkọ́kọ́, nitrogen inú afẹ́fẹ́ á máa pa yín bí ọtí, ọ́síjìn náà tó pọ̀ jù lè fa gìrì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po helium mọ́ ọn.

Ìkejì, afẹ́fẹ́ náà á ki. Ẹ ronú pé ẹ ń fi sítírọ́ọ̀ fa omi, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fa ògì. Tẹ́ ẹ bá wá ṣiṣẹ́ tó le níbẹ̀, carbon dioxide inú ara yín kò ní ráyè jáde tó.

Ìkẹta, afẹ́fẹ́ yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sáré gòkè, á hó bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú díẹ̀ nísàlẹ̀ ṣe lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí èèyàn tó pa dà sókè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìtàn náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1994, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Deon Dreyer, ọmọ 20 ọdún, kú nínú Boesmansgat. Wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, Dave Shaw, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú, dé ìsàlẹ̀ ihò náà, ó sì rí òkú Deon nínú ẹrẹ̀. Ó gbìyànjú láti fà á, kò ṣeé ṣe, ló bá so okùn mọ́ ọn. Ó ṣèlérí pé òun máa pa dà wá gbé e fáwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún òbí tí kò tíì rí ọmọ rẹ̀ sin.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2005, Shaw tún wọlé, kámẹ́rà wà lórí akoto rẹ̀. Ó rò pé òkú náà ṣì máa lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, àmọ́ ó ti ń léfòó. Ó ń jìjàkadì láti kó o sínú àpò, okùn tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì lọ́ mọ́ okùn ìsàlẹ̀.

Èmi tí mò ń ṣe ètò yìí, ara iṣẹ́ mi ni kí n máa gé èémí kúrò nínú ohùn àlejò, kó lè dùn ún gbọ́. Nínú fídíò Shaw, èémí gan-an ni ẹ̀rí. Ó ń yára sí i, ó ń yára sí i, títí tó fi dákẹ́. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ tán. Carbon dioxide tí kò rí ọ̀nà jáde ló borí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Don Shirley, sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó, ẹ̀rọ tiẹ̀ náà bàjẹ́ lọ́nà, òòyì sì ń kọ́ ọ, ó ń bì, bó ṣe ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí gòkè. Orí ló yọ ọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, bí àwọn yòókù ṣe ń fa okùn àti ẹrù sókè, òkú méjèèjì jọ gòkè wá. Okùn tó há Shaw ló so ó mọ́ Deon. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, àmọ́ ìdílé tirẹ̀ ló kù tó ń sunkún.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Sheck Exley, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé òfin ààbò fáwọn tó ń wọ ihò omi, ti dé mítà 263 nínú Boesmansgat yìí kan náà lọ́dún 1993. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kú nínú ihò omi Zacatón ní Mẹ́síkò. Kì í ṣe àìmọ̀ ló pa wọ́n. Mímọ̀ọ́ṣe lè gbé èèyàn dé ibi tí kò ti sí àyè fún nǹkan kékeré kan láti yí pa dà.

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń wọ ihò omi tí mo fẹ́ràn gan-an: ẹnikẹ́ni lè ní òun fẹ́ pa dà, nígbàkígbà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló dé. Tí wọ́n bá wọlé, ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lò lọ, ìdá kan ni ti àbọ̀, ìdá kan tó kù jẹ́ ti àjálù. Tí ìdá àkọ́kọ́ bá ti tán, ohun yòówù tó wà níwájú, wọ́n á ṣẹ́rí pa dà. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ràn omi.